Orí Kejìlá Tí N Kò Lè Kà fún Màámi

Òkè kan wà nínú ìlú tí mo fi ọwọ́ ara mi dá sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé òkè náà ga, pé àtẹ̀gùn òkúta ni àwọn tó tẹ ìlú náà dó gbẹ́ sí i lára, pé àwọn ọmọdé máa ń sáré gùn ún, tí àwọn àgbà sì máa ń dúró sinmi láàárín ọ̀nà bí ẹni pé ìran ni wọ́n ń wò. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ sókè fún màámi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé kì í ṣe òkè tí a gùn wá síbí láàárọ̀ yìí nìyẹn?"

Òun náà ni. Ní apá ibi tí à ń gbé ní Bronx ní Amẹ́ríkà, nítòsí Fordham, àwọn òpópónà kan wà tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ni wọ́n láti ìsàlẹ̀ dókè, mọ́tò ò lè gba ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn la máa ń gbà lọ sí lọ́ńdírì ní àárọ̀ Sátidé, èmi pẹ̀lú àpò aṣọ ìdọ̀tí lẹ́yìn, màámi pẹ̀lú ike ọṣẹ lọ́wọ́. Nígbà tí mo ń wá òkè fún ìlú mi, èyí tó ń gba èémí lẹ́nu mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí ló wá sí mi lọ́kàn. Mo gbé e bó ṣe wà. Mo ṣa àwọn agolo ọtí kúrò lára rẹ̀, mo gbin igi àràbà kan sí orí rẹ̀, ó di òkè Yorùbá.

Ìtàn àròsọ ni mo ń kọ, nípa gbẹ́nàgbẹ́nà kan àti ìyàwó rẹ̀, nínú ìlú tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ti gbà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n lọ tún un ṣe. Ẹni tí kò bá tíì kọ ìwé rí lè rò pé àtúnṣe ni kí èèyàn máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kó sì máa wá ibi tí kọ́mà ti sọnù. Irọ́ ni o. Àtúnṣe ni kí o wọ inú ilé tí o kọ́ parí, tí o ti ń yangàn rẹ̀ káàkiri, kí o wá rí i pé o gbàgbé láti ṣe ilẹ̀kùn sí yàrá ìyàwó ilé.

Lọ́ńdírì yẹn ni ọ́fíìsì mi. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn eyín kan ni mo máa ń jókòó sí, tí mo ń bi àwọn tí eyín ń pa lẹ́kún léèrè irú insọ́ránsì tí wọ́n ní. Bí mo bá délé, ọmọ mẹ́ta àti ọkọ kan ló ń dúró dè mí, ká sáà pè é ní ọmọ mẹ́rin. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pè mí ni iwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Olóòtú mi, ọmọbìnrin kan tí n kò tíì fojú kàn rí, tó jẹ́ pé ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa ka iṣẹ́ náà sókè sí etí ẹlòmíràn. "Àǹtí, ẹ kà á fún ẹni tí kò ní pọ́n yín lé rárá," ló wí. Mo ronú káàkiri. N kò mọ ẹni tí kì í pọ́n mi lé ju ìyá tó bí mi lọ.

Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni màámi ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń wo gbogbo ayé. Wọ́n máa ń ka àkọlé ara ọkọ̀ tí a bá ń kọjá lọ, wọ́n á ní wọn ò kọ ọ́ dáadáa. Ní lọ́ńdírì, wọ́n á dúró nídìí tábìlì tí a fi ń ká aṣọ, wọ́n á máa ká a lọ́nà tí ìbọ̀sẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní sọnù, etí wọn á sì wà lọ́dọ̀ mi. Obìnrin ará ilẹ̀ Dominican tó ń bójú tó ibẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bó bá ti rí i pé mo yọ ìwé jáde, á rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Ó wù mí láti rò pé ìtàn náà ló ń dùn mọ́ ọn. Màámi ní ojú mi ló ń ṣe é láàánú.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kàwé náà dé ibì kan tó nítumọ̀, wọ́n dá mi dúró.

"Ìlú yìí, kí ni èèwọ̀ wọn?"

"Èèwọ̀ kẹ̀? Mi ò fún wọn ní èèwọ̀ kankan, mà."

"Ṣé bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù ni? Ìlú wo ni kò ní ohun tí wọn kì í jẹ tàbí tí wọn kì í ṣe?"

Mo lọ ronú sí i. Nítorí pé n kò fẹ́ràn ìgbín láti kékeré, mo kà á léèwọ̀ fún gbogbo ìlú. Mo kọ ojú ewé mẹ́ta gbáko lórí bí ìgbín ṣe ran ẹni tó tẹ ìlú dó lọ́wọ́ nígbà tí òùngbẹ fẹ́ pa á nínú igbó, tí ó sì búra pé irú-ọmọ òun kò ní fẹnu kàn án láéláé. Inú mi dùn sí i gan-an. Ní Sátidé méjì lẹ́yìn ìyẹn, a dé ibi ìgbéyàwó ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà. Mo ń ka oúnjẹ tí wọ́n gbé jáde fún àwọn àna, itọ́ ń dà lẹ́nu mi, àfi bí màámi ṣe ju ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Ìgbín! Wọ́n ń fi ìgbín yangàn níbi ìgbéyàwó! Ẹ wá wo ìlú tó ń fi èèwọ̀ ara rẹ̀ ṣe àlejò!"

A rẹ́rìn-ín títí obìnrin Dominican náà fi bá wa rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyẹn. Èmi á kọ́lé, màámi á wá wo ibi tó ti sán. Ààfin wà ní apá ọ̀tún ọjà ní orí kejì, ó ti bọ́ sí apá òsì ní orí kẹjọ. "Àbí Kábíyèsí ti kó ilé ni?" Mo ya àwòrán ìlú náà sí ẹ̀yìn páálí sírìlì tí àwọn ọmọ mi ń jẹ láàárọ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì, kí ọba lè jókòó sójú kan. Ariwo ọjà mi, ti Fordham Road ni, àwọn tó ń ta bàtà àti èèpo fóònù lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń pe gbogbo obìnrin tó bá kọjá ní "mami". Mo kàn ní kí wọ́n máa pè é ní "ìyá wa" ni. Odò mi, odò Bronx ni, tó ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ọgbà ẹranko láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo fẹ́ kí ó kún bo afárá nínú ìtàn náà. Màámi ní odò tí àwọn ń wò láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì yìí kò lè gbé ewúrẹ́ lọ, kí n tètè wá odò gidi.

Ní tòótọ́, ìlú náà wọ̀ wọ́n lára ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbọ́ wọn lórí fóònù pẹ̀lú àbúrò wọn ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń ròyìn fún un pé ìdílé tí oyè kàn ni wọ́n fẹ́ fi oyè náà dù. Ọ̀rọ̀ náà ká wọn lára. Ó pẹ́ kí ìyẹn tó mọ̀ pé inú ìwé ni oyè wà, ó ti gbàdúrà fún ìlú náà tán.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo ń fi pamọ́. Orí kejìlá ni. Inú rẹ̀ ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti kú, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti wá sọ fún ìyàwó rẹ̀. Bí mo bá ka orí kọkànlá tán, mo máa ń ṣí ìwé méjì-mẹ́ta pọ̀, mo máa ń bọ́ sí orí kẹtàlá gẹ́gẹ́ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó. Ẹ̀rù ń bà mí. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà kì í ṣe bàbá mi, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá mi, wọn ò lè kan ìṣó kan kó dúró. Àmọ́ bí inú bá bí gbẹ́nàgbẹ́nà náà, á máa pe ìyàwó rẹ̀ ní "Ìyáàfin," á sì máa jẹ ẹ̀yìn pẹ́ńsù títí yóò fi rọ̀. Àwọn ìwà wọ̀nyẹn, mo mọ ibi tí mo ti kó wọn. Ọjọ́ tí màámi kọ́kọ́ gbọ́ "Ìyáàfin" yẹn, wọ́n dẹ́kun aṣọ kíká díẹ̀. N kò fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò tún pa ọkùnrin yẹn lójú wọn, ní gbangba, láàárín àwọn tó wá fọ bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì.

Màámi kò sì gbàgbé rẹ̀.

"Ọkùnrin oníṣẹ́ igi yẹn dà? Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Ó lọ gé igi nínú oko, mà," ni mo wí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún bi mí. Mo ní igi náà le díẹ̀ ni.

"Igi wo ni wọ́n ń gé láti orí kẹtàlá títí dé orí kẹrìndínlógún? Ṣé gbogbo igbó Ìjẹ̀bú ló fẹ́ gé tán?"

Mo fi ẹ̀rín bò ó, mo sáré lọ kó aṣọ jáde nínú ẹ̀rọ tí kò tíì dúró. Èmi tí mo ti dàgbà, tí mo ń fi ikú ẹni tí kò sí láyé rí pamọ́ fún ìyá mi! Bí ẹlòmíràn bá sọ fún mi, màá fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n irú èyí kò ṣàjèjì nínú ilé wa. Nígbà tí bàbá mi kú, màámi wà lọ́dọ̀ wa níbí, wọ́n wá bá mi tọ́jú àbígbẹ̀yìn mi. Bàbá ní òtútù Amẹ́ríkà kò bá àwọn lára mu, wọ́n dúró sí Abẹ́òkúta. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣàìsàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò pe èmi nígbà tó ṣẹlẹ̀, ọkọ mi ló pè, torí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni ó máa ń gbọ́ kẹ́yìn. Ọkọ mi wá bá mi níwájú ilé ìwòsàn eyín. Ó páàkì síbi tí kò yẹ kó páàkì sí, ó sì ń wẹ̀yìn kí wọ́n má baà fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. "Bàbá ti lọ," ló wí. "Má sunkún o. Màámi ò gbọdọ̀ mọ̀ kí àwọn àgbà tó dé." Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Mo wọlé padà, mo bi aláìsàn tó kàn léèrè insọ́ránsì rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ilé wa di ilé eré. Ọmọ mi àgbà yọ káàdì inú fóònù màámi, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ló bàjẹ́. Èmi ń se oúnjẹ bí ẹni pé ọdún Kérésìmesì ti dé. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, àwọn àgbà ìjọ wa dé láti East Flatbush, tírénì méjì àti bọ́ọ̀sì kan, gbogbo wọn nínú aṣọ tí kò ní àwọ̀ tó ń dán. Wọ́n kí wa, wọ́n jẹun, wọ́n yin ọbẹ̀, wọ́n bú tírénì, wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ òtútù nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà tó dàgbà jù nínú wọn sún mọ́ màámi, ó di ọwọ́ wọn mú, ó pè wọ́n ní oríkì wọn, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, Bàbá ti sinmi. Màámi tẹ orí ba. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: "Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?" Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ní ó dáa. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú abọ́ tí mo ń kó lọ fọ̀.

A lọ sin bàbá mi, a padà wá. Níbẹ̀, èmi ni mo ń ṣètò oúnjẹ àlejò, èmi ni mo ń wá àga, èmi ni mo mọ ẹni tí kò tíì rí omi mu. Àwọn èèyàn yìn mí, wọ́n ní mo ṣe bí ọkùnrin. Èmi àti màámi kò sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ yẹn mọ́.

Olóòtú mi kò mọ ìkankan nínú èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé orí kejìlá mi kò dára, ó sì sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ọkùnrin kan ló sáré wọlé tó ké pé, "Ọkọ rẹ ti kú!" tí obìnrin náà sì ṣubú lulẹ̀, tó ń yí gbirigbiri. Mo fetí sí ohùn ọmọ náà nínú tírénì, mo ń yínmú lójú gbogbo ayé.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Ìlú wo lẹ ti rí i tí wọ́n ń túfọ̀ báyìí? Ìlú yìí ní èèwọ̀, ó ní ìdílé ọba mẹ́ta, kò wá ní àgbà kan ṣoṣo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ ṣe. Òun ni òpó ìwé yìí. Tí kò bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí oṣù yìí tó parí, a máa gbé ìwé yín sún síwájú, n kò sì mọ ìgbà tí yóò tún kàn yín."

Mo tún un kọ. Mo kó àwọn àgbà wá. Mo jẹ́ kí wọ́n kí, mo jẹ́ kí wọ́n jókòó, mo jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ oko àti òjò yí i ká, obìnrin náà sì ń wò wọ́n, ó ń ṣe kàyéfì nípa ohun tó gbé wọn wá. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ó ṣubú lulẹ̀. Mo tún un kọ, mo jẹ́ kó dákú. Mo tún un kọ, mo jẹ́ kó sáré jáde. Gbogbo rẹ̀ kò wọ ara wọn. Mo mọ ẹni kan ṣoṣo láyé tó lè sọ ohun tó kù fún mi, ẹni náà gan-an sì ni mo ń sá fún.

Àfìgbà tó di Sátidé kan tí òjò ń rọ̀, tí lọ́ńdírì kún, tí a sì ń dúró de ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Mo yọ ìwé jáde. Màámi na ọwọ́, wọ́n fi ìka kan ojú ewé náà.

"Ka èyí tó ò ń fò."

"Èwo, mà?"

"Orí kejìlá. Olùkọ́ ni mí. Mo mọ ohun tó wà láàárín mọ́kànlá àti mẹ́tàlá."

Mo ní kò tíì gún, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún un ṣe. Wọ́n ní aṣọ tí kò tíì mọ́ la máa ń gbé wá síbí. Mo kà á. Mo dé ibi tí àwọn àgbà ti wọlé. Mo ń wo màámi láti abẹ́ ojú. Wọ́n ń ká bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, wọ́n mú igun rẹ̀ pàdé igun. Mo ka ibi tí wọ́n ti sọ ọ́, mo ka ibi tí obìnrin náà ti ṣubú. Mo dúró. Mo ń retí kí ojú wọn yí padà, kí ẹsẹ̀ wọn yẹ̀, mo tilẹ̀ ti ń wo ibi tí màá gbé wọn jókòó sí.

"Obìnrin yìí kò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀n?"

"Mo ní kò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ̀ kí wọ́n tó dé."

Mo ń wò wọ́n. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì náà lẹ̀, wọ́n mú òmíràn.

"Ọkọ rẹ tí ẹ̀yìn ń dùn, tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ kí mi láàárọ̀ á kàn fi ìka kan ilẹ̀ ni, mo jí, mo rí i tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú kọ́rídọ̀. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ tó máa ń ní kí n jẹ búrẹ́dì, o gbé láfún àti ẹja tútù ka iwájú mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Fóònù mi bàjẹ́, tiyín ò bàjẹ́. Ẹ sì ń pè mí ní 'Màámi wa dáadáa.' Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Ẹ ti mọ̀ láti ìgbà náà? Kí ló dé tí ẹ ò bi wá?"

"Tí mo bá bi yín, ẹ ó dá mi lóhùn."

Wọ́n sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè rárá. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì la ẹnu sọ ọ́, bàbá wa kò tíì kú. Wọ́n ní inú yàrá kékeré tí àwọn àti ọmọ ọwọ́ ń sùn yẹn, àwọn ń bá Bàbá sọ̀rọ̀, àwọn ń bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ tí wọn ò parí, àwọn dárí jì wọ́n, àwọn ní kí wọ́n dárí ji àwọn náà. Wọ́n ní àyè díẹ̀ yẹn ni àwọn fi dágbére fún ọkọ àwọn, bí àwa bá sì tètè sọ ọ́, àwa ni à bá gbà á lọ́wọ́ àwọn.

Mo wá rántí ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Màámi gan-an ló ń bu oúnjẹ fún àwọn àgbà náà. Bí ẹnì kan bá ní òun ti yó, wọ́n á tún gbé ẹran tó tóbi sí abọ́ rẹ̀, wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kánjú. Mo rò pé ìwà àlejò síṣe ni. Wọn ò fẹ́ kí oúnjẹ náà tán ni.

Mo wá pẹ́ńsù nínú báàgì mi, mo ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà rí àwọn àgbà tí wọ́n ń bọ̀. Ó gbálẹ̀, ó dáná, ó bu oúnjẹ, ó sì tún bù ú. Orí kejìlá rèé, ó ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, inú mi sì ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń dá rẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé ìwé náà yóò já màámi sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ti bá mi kọ ọ́ parí.

"Ìwọ ńkọ́?" ni wọ́n wí.

"Èmi kẹ̀, mà?"

"Ta ló túfọ̀ fún ìwọ?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ nǹkan tó pani lẹ́rìn-ín, ọkọ mi tó ń wẹ̀yìn nítorí tíkẹ́ẹ̀tì, èmi tí mo padà sẹ́nu insọ́ránsì. Mo rẹ́rìn-ín. Màámi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi aṣọ sílẹ̀ láìká, ohun tí n kò rí wọn ṣe rí, wọ́n lọ jókòó sórí àga gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Wá jókòó."

Mo jókòó. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"O kú iṣẹ́ o. O kú làálàá àwa yìí. Ṣé àlàáfíà ni àwọn ọmọ wà?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, mà." Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ún yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń dára sí i, mà."

"Òtútù ọdún yìí kàn ń ṣe bó ṣe wù ú ni."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀rín náà ti ń kúrò lẹ́nu mi, n kò mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n sún mọ́ mi sí i. Wọ́n pè mí ní oríkì mi, èyí tó jẹ́ pé bàbá mi nìkan ló máa ń fi í pè mí, tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí wọ́n ti kú.

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Bàbá rẹ ti sinmi."

Wọ́n sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni. Létí tèmi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni lóòótọ́. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo àwọn tó wá fọ aṣọ, mo ń pe bàbá mi bí ọmọdé, màámi sì gbá orí mi mọ́ra, wọn ò sọ fún mi pé kí n má sunkún.